Oúnjẹ kíákíá láìsí ẹran, ẹja, ẹyin tàbí wàrà: ẹ wá sọ ohun tí ẹ mọ̀, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ará Òde
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tí kì í fi ẹnu kan ẹran, ẹja, edé, ẹyin àti wàrà, kí ni ó lè tètè jẹ tí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́? Àwọn kan gbà pé àfi ohun inú agolo tí ó ti òkè òkun wá. Irọ́ ni. Gaàrí Ìjẹ̀bú ni ọ̀gá oúnjẹ kíákíá. Wọ́n ti bó ẹ̀gẹ́, wọ́n ti rin ín, ó ti wà nínú àpò fún ọjọ́ 3 sí 5 kí ó lè kan, wọ́n ti fún un, wọ́n ti kù ú, wọ́n sì ti yan án láìfi epo sí i. Omi nìkan ló kù.

Ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó rà á. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú àpò: èyí tó gbẹ á máa dún ṣàràṣàrà, kò ní lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Èyí tó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, wọn kò yan án gbẹ, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi bu. Ẹ fi omi àkọ́kọ́ ṣan ìdọ̀tí orí rẹ̀ kúrò, kí ẹ tó bu omi mìíràn sí i. Ẹni tó fẹ́ mílíìkì, kí ó rin àgbọn 1, kí ó da ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ 2 sí i, kí ó fún un nínú aṣọ. Kí ó mu ún lọ́jọ́ náà, nítorí wàrà àgbọn tètè ń kan nínú ooru wa. Gaàrí nìkan kì í ṣe ara lóore púpọ̀, ẹ fi ẹ̀pà tàbí kúlíkúlí tì í.

Ìyá Alákàrà
Ẹ ṣeun, Ará Òde. Èmi ní tèmi, ìyẹ̀fun ẹ̀wà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ìyẹn ló ń sọ mọ́ínmọ́ín di ohun tí a lè gbé kaná lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́.

Ẹ rẹ ẹ̀wà sínú omi fún ìṣẹ́jú 5 sí 10 péré. Tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi á wọ inú rẹ̀, kò ní tètè gbẹ, yóò sì kan lórí àtẹ. Ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ ṣan án, ẹ tẹ́ ẹ sínú oòrùn tó mú fún ọjọ́ 2. Ẹ fi eyín ṣán ọ̀kan wò: bí ó bá fọ́ kàkà, ó ti gbẹ, bí ó bá rọ̀, ẹ má gbé e lọ sí ẹ̀rọ, ìyẹ̀fun náà á bu. Ẹ sọ fún ẹni tó ń lọ̀ ọ́ kí ó kọ́kọ́ gbọn ẹ̀rọ rẹ̀ dáadáa, nítorí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lọ ata gbígbẹ tàbí edé á fi òórùn rẹ̀ sí i.

Tí ẹ bá fẹ́ sè é, ife ìyẹ̀fun 1, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ife 1 àti ààbọ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: wọ́n á pò ó, wọ́n á sì gbé e kaná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ní láti mu omi fún bí ìṣẹ́jú 30, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ mọ́ínmọ́ín náà á le bí òkúta, á sì máa ṣe bí iyanrìn lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ata lílọ̀, àlùbọ́sà, iyọ̀ àti òróró ṣíbí 3 sí i. Ìṣẹ́jú 45 lórí iná, nínú ewé. Ti àkàrà, omi á dín kù, ẹ ó sì fi ọmọ odó tàbí ṣíbí igi lù ú títí atẹ́gùn á fi wọ inú rẹ̀.

Ọmọ Rẹ́mọ
Àwọn kan ń bẹ̀rù pé láìsí ẹyin mọ́ínmọ́ín kò ní dì. Ẹ̀wà fúnra rẹ̀ ló ń dì, ẹyin kàn ń ṣe ọ̀ṣọ́ ni. Èyí tó bá ń ṣàn, omi rẹ̀ ló pọ̀.

Ará Àgọ́-Ìwòyè
Ẹ jẹ́ kí n mú wàrà sóyà wá sí ojú ọ̀rọ̀, èyí tí àwọn kan ń pè ní bẹske. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ṣe é, ṣùgbọ́n fún ọjọ́ 3 tó tẹ̀ lé e, ìṣẹ́jú 10 ni ọbẹ̀ yín.

Sóyà ife 4, ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí 8, ẹ bó èyí tó bá rọrùn, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ fi omi púpọ̀ sẹ́ ẹ. Ẹ gbé omi rẹ̀ kaná, ẹ má sì kúrò níbẹ̀! Yóò hó, yóò ru, yóò sì dà sórí sítóòfù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ dín iná kù, kí ó hó fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ìdí rẹ̀ ni pé sóyà tútù ní ohun kan nínú tí kì í jẹ́ kí ara lo amúaradàgbà rẹ̀, ó sì ń da inú rú. Iná ló ń pa á. Òórùn ẹ̀wà tútù tí àwọn kan ń ráhùn rẹ̀, àìhó tó náà ló ń fà á.

Lẹ́yìn náà, ẹ da omi ògì kíkan sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ máa fi ṣíbí gbé e yípo jẹ́jẹ́. Yóò já sí kókó, omi rẹ̀ á mọ́ bí omi tíì tí kò ki. Ẹ dúró, ẹ má rò ó mọ́. Ẹ dà á sínú aṣọ funfun, ẹ di í, ẹ gbé òkúta lé e fún ìṣẹ́jú 30. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó le fún dídín, kí ó fi wákàtí kan sí i.

Ìyá Alákàrà
Omi ògì dára, àmọ́ tí ògì náà kò bá kan tó, wàrà kò ní já. Ọsàn wẹ́wẹ́ 3 tàbí 4 á ṣe é láìkùnà. Álọ́ọ̀mù náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ díẹ̀ báyìí, adùn tán nìyẹn, ó ti korò.

Ará Àgọ́-Ìwòyè
Òótọ́ ni, ma. Mo fara mọ́ ti ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú omi iyọ̀ nínú fíríìjì, ẹ máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́.

Ará Òde
Ìkọ́kọrẹ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ń rò pé láìsí ẹja àti pọ̀nmọ́ kò jẹ́ ìkọ́kọrẹ́.

Ọmọ Rẹ́mọ
Adùn ọbẹ̀ ló kàn ń yí padà. Ẹ se ata lílọ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà, epo pupa ìdajì ife, irú ṣíbí 2 tó kún, iyọ̀ àti omi ife 3. Irú ló ń gba ipò ẹja gbígbẹ, ẹ má ṣe ahun rẹ̀. Olú gbígbẹ tí ẹ fọ́ wẹ́wẹ́ á tún ràn án lọ́wọ́, kí ó jẹ́ èyí tí wọ́n gbìn o, kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni rí nínú igbó tí kò mọ̀ ọ́n.

Ewùrà ìdajì, ẹ fi epo pa ọwọ́ kí ó má bàa yún yín, ẹ rin ín níbi tí irin rẹ̀ kúnná, ẹ fi ọwọ́ lù ú. Ẹ máa bù ú sínú ọbẹ̀ tó ń hó ní kókó kéékèèké. Ẹ dé e, iná kékeré, ìṣẹ́jú 10, ẹ má fi ṣíbí kàn án. Ẹni tó bá rò ó kíákíá ti sọ ọ́ di àṣáró nìyẹn. Tí ewùrà rẹ̀ bá lómi, ṣíbí gaàrí 1 á dì í.

Kí ó lè yá, ẹ din ata sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé títí omi rẹ̀ á fi gbẹ tí epo á fi léfòó, ẹ pín in sínú ọ̀rá kéékèèké sínú fírísà. Níbi tí iná kò bá dúró, ẹ máa gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ẹlẹ́fọ̀ọ́
Fún àwọn tó ń ra oúnjẹ lójú pópó, bíi ní ìkòríta Ṣágámù, ẹ bi ẹni tó ń tà kí ẹ tó sanwó. Ẹ̀wà lásán lè mọ́, kí edé wà nínú ata rẹ̀. Àkàrà àti ọ̀jọ̀jọ̀ sábà máa ń dára, àfi tí wọ́n bá ti fi òróró yẹn din ẹja. Àádùn, ẹ̀kọ àti ìpékeré kì í sábà dẹ́ṣẹ̀. Búrẹ́dì ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ẹ ka ara ọ̀rá rẹ̀, wàrà tàbí bọ́tà lè wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kúbù ọbẹ̀. Orúkọ ata ló lè wà lára páálí, kí ọ̀rá adìyẹ wà nínú rẹ̀.

Àwọn ará Ìlíṣàn ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, nítorí ìjọ Adventist tó ni Yunifásítì Babcock ń gba àwọn ọmọ ìjọ níyànjú pé kí wọ́n fi ẹran sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé oúnjẹ aláìlẹ́ran lè ní ẹyin àti mílíìkì o. Ohun kan sì tún wà: fítámì B12 kò sí nínú ewébẹ̀ àti ẹ̀wà, irú kò sì ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé fún un. Ẹni tó bá fi gbogbo nǹkan ẹlẹ́mìí sílẹ̀ ní láti máa lo oògùn rẹ̀. Kí ó bi àwọn elétò ìlera bí yóò ṣe máa lò ó.

Ìyá Alákàrà
Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ebìrìpò! Kókò rírin, iyọ̀, ata díẹ̀, ẹ pọ́n ọn sínú ewé, ẹ sè é fún wákàtí 1 gbáko. Ẹ má kánjú gbé e sọ̀kalẹ̀, kókò tí kò jinná á máa gún ọ̀nà ọ̀fun bí abẹ́rẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ gé e pẹlẹbẹ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ fi òróró díẹ̀ yí i ní ìṣẹ́jú 3 lápá kan, 3 lápá kejì, ẹ fi ẹ̀fọ́ onírú tì í.