Ètò ìkọ̀wé ọ̀fẹ́ wo ni ó yẹ fún kíkọ́ ọmọ ní kódù lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́?

Olùkọ́ Mọ́níyà: Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Kọ̀ǹpútà mẹ́wàá ni wọ́n fi ta ilé-ìwé wa lọ́rẹ. Windows 7 oní-32-bit (irú ti àtijọ́) ni ó wà lórí gbogbo wọn, RAM wọn (ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́) kò sì ju 2 GB lọ. Àwọn ọmọ JSS 3 ni mo fẹ́ kọ́ ní HTML, tí a fi ń ṣe ojú-ìwé wẹ́ẹ̀bù, àti Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. VS Code, ètò tí mo fi ń kọ kódù nílé, kọ̀ láti wọlé sórí wọn; kò sí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, iná sì ń ṣe ségesège. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n lò?

Ìyá Kódù, Bódìjà: Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. VS Code ti kẹ̀yìn sí Windows 7, ó ti kẹ̀yìn sí Windows oní-32-bit pẹ̀lú, nítorí náà ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Fún HTML, Notepad++ ni tèmi, ó ti wà láti ọdún 2003. Kì í ṣe àwọ̀ tí ó ń fi sí kódù ni mo fẹ́ràn jù, bí kò ṣe pé ní ìṣẹ́jú-àáyá méje-méje ni ó máa ń ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ tí ọmọ kò tíì fi pamọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iná lọ nígbà tí ọmọ kan ń kọ tábìlì rẹ̀ lọ́wọ́, omijé sì ti lé rorò sí i lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tan jẹnẹrétọ̀, tí ó sì tún ètò náà ṣí, gbogbo ìlà rẹ̀ ni ó bá níbẹ̀, àfi `</table>` tí ó ń tẹ̀ lọ́wọ́.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Thonny ni kí ẹ lò fún Python. Yunifásítì Tartu ní orílẹ̀-èdè Estonia ni ó ti jáde, Python sì ti wà nínú rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé fúláàṣì kan ti tó láti gbé e dé orí gbogbo ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n Python 3.8 ni ó kẹ́yìn tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows 7. Ẹ rí i pé Thonny oní-32-bit tí ó ní Python 3.8 nínú ni ẹ mú. Yóò pẹ́ díẹ̀ kí ó tó ṣí, ẹ ní sùúrù fún un.

Àgbà Dùgbẹ̀: Ẹ̀yin ará, láti oṣù kìíní ọdún 2020 ni Microsoft ti dá ìtọ́jú Windows 7 dúró. Bí ó bá jẹ́ tèmi ni, Debian 12 (irú Linux ọ̀fẹ́ kan) pẹ̀lú Xfce, ojú-iṣẹ́ rẹ̀ tí ó fúyẹ́, ni ǹ bá fi rọ́pò rẹ̀, kí n sì gbé Geany, ètò ìkọ̀wé kódù, lé e, nítorí Geany fúyẹ́, ó sì gba HTML àti Python pọ̀.

Ìyá Kódù, Bódìjà: Òótọ́ ni, Bàbá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí Olùkọ́ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ná. Geany náà ń ṣiṣẹ́ lórí Windows.

Olùkọ́ Mọ́níyà: Mo dúpẹ́ púpọ̀. Ṣé lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ kò ní dàrú bí àwọn ọmọ bá kọ orúkọ wọn?

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Kò ní dàrú, bí ẹ bá ti fi fáìlì náà pamọ́ ní UTF-8 (ọ̀nà ìfipamọ́ tí ó gba lẹ́tà Yorùbá), tí ẹ sì kọ `<meta charset="utf-8">` sí òkè rẹ̀. Ẹ mú fúláàṣì yín wá sí Mọ́kọ́lá lọ́jọ́ Sátidé, n ó da Thonny náà sí i fún yín.