Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ní Ọsirélíà, ẹ wá sọ bí ẹ ṣe rí i

Àṣàkẹ́_Manchester
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Wọ́n ti fún mi ní físà working holiday Ọsirélíà, 417 yẹn, èyí tó ń jẹ́ kí ọ̀dọ́ lè ṣiṣẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ bó ṣe ń gbafẹ́. Ìlú Ọba ni wọ́n bí mi sí, pásípọ́ọ̀tù ibẹ̀ ni mo ní. Mo fẹ́ gbọ́ látẹnu àwọn tó ti lọ: báwo lẹ ṣe ríṣẹ́? Ṣé kí ẹ tó gbéra ni, àbí ìgbà tí ẹ débẹ̀? Owó ọwọ́ mi ò lè gbé mi kọjá oṣù méjì, mi ò sì fẹ́ máa pe ilé pé kí wọ́n fowó ránṣẹ́.

Dèjì_Tully
Má da ara rẹ láàmú pẹ̀lú iṣẹ́ wíwá kó o tó débẹ̀. Ọ̀gá oko wo ló máa gba ẹni tí kò tíì fojú rí? Sydney ni mo kọ́kọ́ balẹ̀ sí. Mo fi sífíì ránṣẹ́ lórí Seek àti Gumtree títí, kò sẹ́ni tó fèsì. Ọmọ Jámánì kan tá a jọ ń gbé ní hóstẹ́ẹ̀lì ló sọ fún mi pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ní àsìkò, pé tọdún tọdún ni wọ́n ń gé e ní Tully àti Innisfail, lókè lọ́hùn-ún ní Queensland. Bí mo ṣe wọ bọ́ọ̀sì nìyẹn.

Iṣẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ẹnì kan á gé ìtí náà, ìwọ á fi èjìká gbà á, wàá gbé e dé ìdí tírélà. Ìtí kan lè wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì. Nínú ẹrẹ̀ ni o, eku ń bẹ, aláǹtakùn ń bẹ, ejò náà ń bẹ. Òjò ibẹ̀ kì í sì í dá. Wọ́n gbé ère bàtà òjò aláwọ̀ wúrà kan kalẹ̀ láàárín ìlú, ó ga tó mítà 7.9, torí pé bí òjò ṣe rọ̀ tó níbẹ̀ lọ́dún 1950 nìyẹn. Mo gun òkè rẹ̀ lọ ya fọ́tò. Àmọ́ wọ́n ń sanwó déédéé, kò sí pé ó dọ̀la, ó dọ̀tunla.

Ìyá_Ìbejì_Peckham
Ọmọ tó gboyè yunifásítì ní Ìlú Ọba ló wá ń fi èjìká ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ṣé ìyá rẹ mọ̀?

Dèjì_Tully
Wọ́n mọ̀, Màmá. Fọ́tò tí mo yà lókè bàtà yẹn ni wọ́n fi sí wásáàpù wọn.

Ọmọ_Ìlá
Ṣé wọ́n ń jẹ́ kẹ́ ẹ jẹ nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà?

Dèjì_Tully
Èyí tí kò bá dára tó fún ọjà, jẹ ẹ́ títí ọ̀fun rẹ á fi kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni o. Tó o bá fẹ́ àgbagbà, àfi kó o lọ sí Moorooka ní Brisbane, ọ̀dọ̀ àwọn ará Áfíríkà.

Kúnlé_Dublin
Àṣàkẹ́, ẹ̀yin ọmọ Ìlú Ọba ń jayé. Láti oṣù Keje 2024, ẹ lè gba físà ọdún kejì àti ọdún kẹta láìfọwọ́ kan iṣẹ́ oko. Àwa tí pásípọ́ọ̀tù wa jẹ́ ti Ireland, ọjọ́ 88 la gbọ́dọ̀ fi ṣe iṣẹ́ tí ìjọba yàn, oko tàbí irú rẹ̀, ká tó lè béèrè ọdún kejì. Tó bá di ọdún kẹta, oṣù mẹ́fà. Mildura ni mo ti ká àjàrà ní tèmi. Oòrùn ibẹ̀ kò mọ ojú ẹnikẹ́ni, dúdú tàbí funfun. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé adúláwọ̀ ò nílò ìpara oòrùn.

Bísí_B
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi torí Àṣàkẹ́, ó lè ṣe é láǹfààní. Bundaberg ní Queensland ni, àsìkò strawberry. Hóstẹ́ẹ̀lì kan ní tí n bá ti sanwó ilé ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀, iṣẹ́ ti wà. Mo sanwó. Ọ̀sẹ̀ kìíní, kò síṣẹ́. Wọ́n ní òjò ni. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní èso ò tíì pọ́n. Owó ilé ò dúró de òjò ní tiẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ wá dé, iye èso tá a bá ká ni wọ́n fi ń ṣírò owó wa. A bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ìdájí, ẹ̀yìn ń ro mí débi pé mi ò lè nàró tán, owó tó wọlé fún mi lópin ọ̀sẹ̀ yẹn kò tó owó ilé.

Obìnrin ará Taiwan kan tá a jọ wà ní yàrá ló fi òfin náà hàn mí lórí fóònù rẹ̀: láti ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin 2022, bí wọ́n bá tilẹ̀ ń fi iye èso sanwó fún èèyàn, owó wákàtí tó kéré jù lófin gbọ́dọ̀ pé fún un. Mo kọ wákàtí tí mo ń ṣe sínú ìwé lójoojúmọ́, mo sì lọ bá ọ̀gá.

Ọmọ_Ìlá
O lọ ka òfin fún ọ̀gá? Wọ́n lé ọ nìyẹn.

Bísí_B
Wọn ò lé mi. Wọn ò kàn pè mí sọ́kọ̀ mọ́ láàárọ̀ ni. Mo gbé ìwé mi lọ bá Fair Work Ombudsman, àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́. Ó pẹ́ o, mo ti kúrò ní Queensland kí ọ̀rọ̀ náà tó yanjú, ṣùgbọ́n owó tó kù wọlé.

Fúnmi_Perth
Ọlọ́run bù kún ọ. Ọ̀pọ̀ ló ń dákẹ́ torí wọ́n rò pé físà wọn máa bàjẹ́.

Kúnlé_Dublin
Irú hóstẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kún ibẹ̀. Tí wọ́n bá ti ń gbowó kí iṣẹ́ tó wà, sá.

Dèjì_Tully
Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni gbogbo wọn rí o. Hóstẹ́ẹ̀lì ló gbà mí síṣẹ́ ní Tully, bọ́ọ̀sì wọn ló ń gbé wa lọ sóko.

Kúnlé_Dublin
Ìwọ bọ́ síbi tó dáa ni. A kì í fi ti ẹnì kan ṣòfin.

Bàbá_Ọ̀tà
Ẹ̀yin ọmọ yìí, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lọ́dún 1981, ọmọ yunifásítì Ifẹ̀ ni mí. Nígbà yẹn, náírà lágbára ju dọ́là lọ, kò sì sí pé à ń tò sẹ́nu ọ̀nà torí físà London, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni ìyẹn tó dé. Tí ìsinmi gígùn bá ti tó, àwa ọmọléèwé á kó sínú bàálù. Mo fọ àwo ní ìdáná hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Bayswater, mo fọ ọ́fíìsì lálẹ́. Mo ra rédíò àti bàtà, mo sì padà wá ka ìwé mi. Kò sí ẹni tó rò pé ká dúró síbẹ̀.

Ọmọ_Ìlá
Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé òfin gbà yín láyè láti ṣiṣẹ́?

Bàbá_Ọ̀tà
Ètò kan wà fún ọ̀dọ́ àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth. Àwọn kan bá a lọ, àwọn kan ò bá a lọ, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ọdún 2008 ni wọ́n pa ètò yẹn rẹ́, wọ́n sì fi èyí tí wọ́n ń pè ní Youth Mobility rọ́pò rẹ̀. Nàìjíríà ò sí nínú rẹ̀.

Ọmọ_Ìlá
Ó dáa tẹ́ ẹ sọ ìyẹn. Ejẹ́ǹtì kan ní Ìbàdàn ní òun lè bá mi gba 417 yìí, pé pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà mi ti tó. Ó ní kí n san ìdajì owó.

Fúnmi_Perth
Irọ́ ni!

Bísí_B
Má san kọ́bọ̀. Nàìjíríà ò sí lára àwọn tí 417 wà fún, kò sì sí lára ti 462, físà kejì tó jọ ọ́. Orí wẹ́bùsáìtì ìjọba Ọsirélíà ni wọ́n to orúkọ wọn sí, lọ fojú ara rẹ wò ó.

Ìyá_Ìbejì_Peckham
Ọmọ mi, ṣé o ti sanwó?

Ọmọ_Ìlá
Rárá, Mummy. Mo fẹ́ san lọ́jọ́ Ẹtì ni.

Ìyá_Ìbejì_Peckham
Ọlọ́run ló yọ ọ́. Pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́.

Fúnmi_Perth
Àṣàkẹ́, oko nìkan kọ́ ni iṣẹ́ o. Tó o bá ti ṣe ìtọ́jú arúgbó rí ní Manchester, ó níye lórí níbí. Ẹ̀rí ọlọ́pàá ni wọ́n kọ́kọ́ bi mí, lẹ́yìn náà ni ejẹ́ńsì bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Tó bá jẹ́ ilé ọtí lo fẹ́, gba RSA, ìwé ẹ̀rí àwọn tó ń ta ọtí. Tó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, White Card, káàdì ẹ̀kọ́ ààbò ibi iṣẹ́. Kò gbà ju ẹ̀kọ́ kékeré lọ. Rántí pé oṣù mẹ́fà lo lè fi wà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan, àyàfi tí wọ́n bá fún ọ láyè.

Àṣàkẹ́_Manchester
Ẹ ṣeun gan-an. Owó orí ńkọ́?

Kúnlé_Dublin
15%, láti dọ́là àkọ́kọ́ títí dé $45,000. Owó ìfẹ̀yìntì tí ọ̀gá ń san fún ọ, 12% ni láti oṣù Keje 2025. Tó o bá ń padà sílé tó o sì ní kí wọ́n kó o fún ọ, ìjọba á yọ 65% nínú rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Peckham
65 kẹ̀!

Bísí_B
15% yẹn kì í ṣe fún gbogbo èèyàn. Obìnrin ọmọ Ìlú Ọba kan, Addy, tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà ní Sydney, pe àjọ owó orí lẹ́jọ́. Ní oṣù Kọkànlá 2021, High Court, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀, dá a láre: àdéhùn owó orí tó wà láàárín Ìlú Ọba àti Ọsirélíà kò gbà kí wọ́n gba owó orí lọ́wọ́ ọmọ Ìlú Ọba tó ń gbé níbẹ̀ ju iye tí ọmọ onílẹ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ń san lọ. Ọmọ onílẹ̀ kì í sì í san nǹkan kan lórí $18,200 àkọ́kọ́.

Dèjì_Tully
Ẹni tó bá jókòó síbì kan tó sọ ọ́ di ilé nìyẹn wà fún. Àwa tá à ń ti oko kan bọ́ sí òmíràn, wọn kì í kà wá sí ará ilé.

Bísí_B
Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí Àṣàkẹ́ tọ́jú ìwé ilé tó bá gbà àti péésílíìpù rẹ̀.

Kúnlé_Dublin
Ireland ò sí nínú àdéhùn yẹn. Ọjọ́ 88 lọ́rùn wa, 15% lọ́rùn wa.

Bàbá_Ọ̀tà
Pẹ̀lẹ́, Kúnlé.

Fúnmi_Perth
Àṣàkẹ́, nọ́ńbà owó orí, TFN, ni kó o kọ́kọ́ gbà. Ọ̀fẹ́ ni, fúnra rẹ lo máa béèrè rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ní kó o lo ABN, nọ́ńbà àwọn tó ń dá ṣòwò ara wọn, dípò rẹ̀ fún iṣẹ́ oko tàbí ti ìdáná, ó fẹ́ sá fún owó ìfẹ̀yìntì rẹ ni.

Àṣàkẹ́_Manchester
Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, Àǹtí. Brisbane ni mo máa balẹ̀ sí lóṣù Karùn-ún.

Ìyá_Ìbejì_Peckham
Àbúrò mi kan wà ní Brisbane, nọ́ọ̀sì ni. Kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀, màá ní kó wá pàdé rẹ ní pápákọ̀ òfurufú.

Bísí_B
Oṣù Karùn-ún kẹ̀? Strawberry ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn ní Caboolture, kò jìnnà sí Brisbane. Mo mọ ọ̀gá kan níbẹ̀ tó ń fi wákàtí sanwó, màá bá ọ bi í bóyá àyè ṣì wà.