Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti di idà gígùn ilẹ̀ Yúróòpù mú rí, báwo ló ṣe rí lọ́wọ́ yín?

Ìlú Leeds ni mò ń gbé, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ń kọ́ ìjà idà àtijọ́ ti àwọn ará Jámánì. Idà ọlọ́wọ́-méjì méjì ló ti kọjá lọ́wọ́ mi, tuntun ni wọ́n rọ àwọn méjèèjì, ní àwòṣe tàwọn ọdún 1400. Lórí òṣùwọ̀n, ọgbọọgba ni wọ́n: kílò kan àbọ̀, ó dín díẹ̀. Lọ́wọ́ ńkọ́? Wọn ò jọra rárá.

Bí irin àkọ́kọ́ ṣe nípọn nídìí náà ló nípọn dé ṣóńṣó. Tí mo bá gbé e sí ìdúró tí wọ́n ń pè ní Ochs, tí èèkù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, tí ṣóńṣó kọjú sí ẹni tá a jọ ń jà, iwájú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ọrùn ọwọ́ á sì máa ro mí. Ọwọ́ mi tẹ èèkù lóòótọ́, àmọ́ ká ní mo ní ikú baba tí mo fẹ́ bèèrè ni, ẹni náà ì bá ti sá lọ kí n tó gbé e sókè tán.

Èkejì nípọn tó mílímítà 6 nídìí, ó wá ń fẹ́lẹ́ bó ṣe ń lọ, nítòsí ṣóńṣó kò pé 3. Tí mo bá gbé e lé ìka kan, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8 sí irin ìdábùú tó wà láàárín èèkù àti ojú idà ló ti ń dúró láìtẹ̀. Ti àkọ́kọ́ tó 16. Níbi Zwerchhau, ìyẹn gígé ìbú kan tí idà máa ń yí gbirigbiri lókè orí bíi fáànù, ni mo ti rí ìyàtọ̀ náà jù. Èyí dúró níbi tí mo ní kó dúró. Ti àkọ́kọ́ ń lọ, ó ń wọ́ mi tẹ̀ lé ara rẹ̀.

Wọ́n á ní kókó irin tó wúwo nídìí èèkù á tún un ṣe. Irọ́ ni! Ìwúwo iwájú ṣì wà níbẹ̀, ẹ máa mọ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá a dúró lójijì.

Ìdáhùn:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n gbèjà idà tó wúwo níwájú o. Tèmi fẹ̀ lójú, irú èyí tí Ewart Oakeshott, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ̀wé lórí idà àtijọ́, pè ní XIIIa nígbà tó pín idà ayé ìgbà náà sí ìsọ̀rí. Gígé ni wọ́n ṣe é fún. Mo ti fi gé ẹní tí wọ́n ká, tí wọ́n rẹ sómi: bó bá ti wọlé, ìwúwo náà ló ń parí iṣẹ́. XVa tí ọ̀rẹ́ mi ní mú ní ṣóńṣó, ó le gbagidi, torí àlàfo ẹ̀wù irin ni wọ́n fi ń wá. Ó yá lọ́wọ́ lóòótọ́, àmọ́ inú ẹní yẹn ló máa ń há sí.

Ẹni tó bá fẹ́ rà, kó na ṣóńṣó sókè, kó fi ọwọ́ kejì gbá ìdí èèkù. Ojú idà á gbọ̀n, àfi ibì kan, tó sábà máa ń wà ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ọ̀nà sí ṣóńṣó. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fi gé nǹkan. Tó bá jẹ́ ibòmíràn, ọrùn ọwọ́ yín á sọ fún yín.

Ìdáhùn:
Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ tún máa bèèrè bí irin ṣe wọnú èèkù. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà fún ẹ̀ṣọ́ ara ògiri, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n kàn jó pọ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Ẹ má fi irú ẹ̀ ṣeré, ojú idà lè já kó fò lọ bá ẹlòmíràn.