Báwo ni mo ṣe lè dọ́gbọ́n gbé antẹ́nà rédíò sínú kọ́ńpáùndì l'Óṣogbo tí ojú ò fi ní máa wò ó?

ỌmọÒròkí:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Fìà ni mò ń gbé, ilé rẹ́ǹtì ni, fúláàtì mẹ́rin ló wà nínú kọ́ńpáùndì. Láísẹ́ǹsì ham radio mi (rédíò táwa èèyàn lásán fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn) ti jáde, wọ́n ti fún mi ní call sign, ìyẹn orúkọ tí màá máa jẹ́ lórí afẹ́fẹ́, tó fi 5N bẹ̀rẹ̀, inú mi dùn gan-an ni, rédíò ti wà nílẹ̀, antẹ́nà ló kù. Àmọ́ lánlọ́ọ̀dù ní òun ò fẹ́ rí pólù gíga kankan nínú ilé òun torí ó máa ń fa àrá, àwọn ará ilé náà ti ń bi mí pé ṣé máàsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo fẹ́ rì síbẹ̀. Mo fẹ́ máa lo ìgbì rédíò tó gùn tó 40 mítà lálẹ́ àti ti 20 mítà lọ́sàn-án. Mo rí àwọn ará Amẹ́ríkà lórí YouTube tí wọ́n ta wáyà tiwọn sínú àjà, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ṣé èmi náà lè ṣe bẹ́ẹ̀? Igi máńgòrò kan wà lẹ́yìnkùlé, táǹkì omi sì wà nítòsí fẹ́ǹsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i.

Bàbá Wáyà:
Ẹ kú oríire o. Ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ àjà yẹn. Òrùlé tiwọn lọ́hùn-ún, púpọ̀ nínú ẹ̀ kì í ṣe irin, tiwa ńkọ́? Páànù ni láti Òkè-Fìà títí dé Òkè-Baálẹ̀, tẹ́ ẹ bá ta wáyà sábẹ́ páànù, irin yẹn ló máa dí i pa. Kó sùn lé páànù lórí gan-an ò dáa.

Igi máńgòrò yẹn ni kẹ́ ẹ dì mú. Ewé ẹ̀ kì í wọ́ tán kódà nínú ọyẹ́, wáyà yín á wà lábẹ́ ewé jálẹ̀ ọdún. Dipole (antẹ́nà wáyà tó ní apá méjì, tí kéébù wọ àárín ẹ̀) ti 40 mítà, ẹ fi 7.1, ìyẹn megahertz tẹ́ ẹ fẹ́ lò, pín 142.5, ẹ máa rí nǹkan bíi mítà 20, ìyẹn mítà 10 lápá ọ̀tún, mítà 10 lápá òsì. Wáyà tín-ín-rín dúdú tàbí aláwọ̀ ewé ni kẹ́ ẹ rà, pupa ò dáa. Ẹ gé e kó gùn díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa gé e kù díẹ̀díẹ̀ títí SWR (ìwọ̀n tó ń fi hàn bóyá antẹ́nà ń dá agbára padà sí rédíò) á fi wálẹ̀. Àárín ẹ̀ lẹ máa fà sókè sínú igi, kí apá méjèèjì wá rọ̀ wá sí ọ̀nà fẹ́ǹsì. Ẹ má so ó mọ́ ẹ̀ka gbọingbọin o, atẹ́gùn á já a. Okùn lẹ máa gbà kọjá lórí ẹ̀ka, ẹ so òkúta mọ́ ìdí okùn yẹn nísàlẹ̀, tí igi bá ń mì, òkúta á máa lọ sókè á máa bọ̀ nílẹ̀, wáyà ò ní já.

Ẹlẹ́rọ Ògo-Olúwa:
Mo gba ti Bàbá. Fún 20 mítà, ẹ lo ibi táǹkì yẹn. Ta ló máa ń ka páìpù funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì? Ẹ gbé òmíràn dúró níbẹ̀ tó ga tó mítà 5, ẹ lẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù, omi ò ní wọ inú ẹ̀, wáyà lẹ máa rọ̀ sínú ẹ̀. Wáyà mẹ́rin míì tó gùn tó mítà 5 á wà nísàlẹ̀ bí apá kejì antẹ́nà náà, ẹ kàn fi erùpẹ̀ díẹ̀ bò wọ́n. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ irin ni wọ́n fi ṣe ẹsẹ̀ táǹkì, ẹ sún páìpù yẹn jìnnà sí i dáadáa. Kéébù dish ni kẹ́ ẹ fi wọlé, ohm 75 ni, dipole pàápàá ò jìnnà sí i, wọ́n á bára mu, kò sì sí ògiri tí kéébù dish ò sí l'Óṣogbo.

Ìyá Ìbejì:
Ṣé okùn aṣọ ò lè ṣe é? Òun náà wáyà ni.

Bàbá Wáyà:
Ó lè ṣe é o Ìyá Ìbejì, àmọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Tí ẹni tó wà nídìí rédíò bá ń sọ̀rọ̀, ìparí wáyà yẹn lè jó èèyàn lọ́wọ́, àwọn ọmọ sì ń ṣeré lẹ́yìnkùlé. Ẹ jẹ́ kó ga ju ibi tọ́wọ́ lè tó. Kó má sì sún mọ́ wáyà NEPA rárá, kódà tó bá já, kó má lè bọ́ lé e.

Ọ̀rọ̀ lánlọ́ọ̀dù yẹn, èmi ò fara mọ́ ọn pé kẹ́ ẹ fi pamọ́ fún un. Ẹ fi pamọ́ fún ojú àwọn tó ń kọjá lọ ní títì, àmọ́ ẹ mú lánlọ́ọ̀dù dé ìdí igi, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kan wáyà náà kó rí i bó ṣe tín-ín-rín tó, ẹ rì irin kan mọ́lẹ̀ tó máa gbé iná àrá wọ ilẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi hàn án. Ẹ̀rù àrá tó ń bà á, òótọ́ wà níbẹ̀. Tójú ọ̀run bá ti ń ṣú, ẹ yọ kéébù, kẹ́ ẹ sì gbé ẹnu ẹ̀ síta fèrèsé, ẹ má fi í sílẹ̀ lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò.

ỌmọÒròkí:
Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Màá bá wọn sọ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Igi yẹn ni màá kọ́kọ́ lò.

Ẹlẹ́rọ Ògo-Olúwa:
Kẹ́ ẹ tó ta nǹkan kan, ẹ gbé rédíò kékeré oníbátìrì yí ká kọ́ńpáùndì lálẹ́. Òṣogbo yìí ni wọ́n ti ń darí iná gbogbo orílẹ̀-èdè, wáyà 330kV wọlé síbí, ariwo ẹ̀ sì máa ń wọ rédíò níbòmíì. Ẹ tún ní kí wọ́n pa ínfátà àti gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ ìyàtọ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ táǹkì ló dákẹ́ ju ìdí igi lọ, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.