Abẹ́rẹ́ epo Corolla kò kúrò lórí E: ṣé tábílò ni àbí inú tánkì?

Ìbéèrè (Kétu)
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Corolla ọdún 1998 ni. Bí a tilẹ̀ rọ epo kún tánkì, abẹ́rẹ́ epo kì í mira lórí E (òfo). Abẹ́rẹ́ ooru ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Mẹkáníìkì ní kí n ra odindi tábílò (pátákó abẹ́rẹ́ iwájú awakọ̀) “venu”, ìyẹn àlòkù láti òkè òkun. Ṣé mo lè yẹ̀ ẹ́ wò nílé kí n tó náwó? Multimètre (ẹ̀rọ tó ń wọn iná) wà lọ́wọ́ mi.

Ìdáhùn (Àjàṣẹ́)
Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Bí abẹ́rẹ́ ooru bá ń ṣiṣẹ́, iná ń dé tábílò nìyẹn. Ẹ gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè, ẹ ó rí ìdérí pẹlẹbẹ kan. Fiche (ẹnu ìsopọ̀) wáyà tánkì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ pa contact (iná ọkọ̀) kí ẹ tó yọ ọ́. Wáyà pọ́ǹpù máa ń nípọn, ti jauge (ohun tó ń wọn epo nínú tánkì) tín-ín-rín, èyí tó funfun tó ní ìlà dúdú sì ni masse (wáyà tó so mọ́ irin ara ọkọ̀) lára Toyota.

Ẹ wá gílóòbù kékeré 12V, 3.4W. Ẹ so ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mọ́ wáyà jauge tó ti ọ̀dọ̀ tábílò wá, èkejì mọ́ irin ara ọkọ̀. Ẹ ṣí contact, ẹ má ta ẹ́ńjìnnì. Bí abẹ́rẹ́ bá ń gun lọ sí F (kíkún), tábílò àti wáyà kò ní àrùn. Gílóòbù ni mo sọ, n kò sọ wáyà lásán, torí pẹ̀lú gílóòbù, bí ẹ bá ṣi wáyà pọ́ǹpù mú, fusible (fíúsì) kò ní jó.

Ìdáhùn (Ṣábẹ̀ẹ́)
Ẹ̀gbọ́n ti sọ tán, ṣùgbọ́n kí ẹlòmíràn má fi ṣe òfin fún gbogbo ọkọ̀. Jauge Toyota ìgbà náà ń ka nǹkan bí 110 ohm (ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà) bí tánkì bá ṣófo, 3 sí 5 bó bá kún. Jauge VDO, tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ mìíràn, tiẹ̀ yí padà: 10 ni òfo, 180 ni kíkún.

Olùbéèrè
Abẹ́rẹ́ gun dé F! Mo wá wọn ìhà tánkì lójú 200 ohm, ó kọ 1. Ṣé kò dára ni, nígbà tí tánkì kún?

Ìdáhùn (Àjàṣẹ́)
Àbúrò, 1 tó dá dúró lápá òsì yẹn kì í ṣe ohm kan o. Ohun tó ń sọ ni pé ọ̀nà iná ti já. Ẹ kọ́kọ́ wọn wáyà masse sí ara ọkọ̀. Kò gbọdọ̀ ju ohm 1 lọ. Bí ìyẹn bá dára, inú tánkì ló kù.

Ẹ jẹ́ kí epo lọ sílẹ̀ sí ìdá mẹ́rin kan kí ẹ tó ṣí i. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, ibi tí kò sí iná, sìgá tàbí bídọ̀n kpayo (epo ẹ̀gbẹ́ títì). Ẹ yọ òdì bátìrì, ẹ nu eruku orí tánkì kúrò kí ó má baà já sínú epo.

Tí ẹ bá fa jauge jáde, ẹ fi aṣọ bo ihò, ẹ gbé e jìnnà. Ẹ mi flotteur (ohun tó ń léfòó lórí epo): bí epo bá ń ró nínú rẹ̀, ó ti jò. Ẹ wá fi multimètre wọ̀n ọ́n bí ẹ ti ń gbé apá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nọ́ńbà gbọ́dọ̀ máa yí láìfò. Níbi tí ó ti fò ni ìka kékeré tó ń fara kan ojú ọ̀nà iná lára jauge ti dọ̀tí tàbí ti jìnnà sí i. Omi inú kpayo ló sábà máa ń fa ìpata rẹ̀. Ọtí ìpawọ́ (alcool 90) àti aṣọ rírọ̀ ni kí ẹ fi nù ún. Sáńpépà? Rárá! Ojú ọ̀nà náà fẹ́lẹ́, ẹ ó họ ọ́ dànù. Ẹ tẹ ìka náà díẹ̀ kí ó fara kàn án.

Ìdáhùn (Ṣábẹ̀ẹ́)
Bí ojú ọ̀nà bá ti jẹ tán, jauge inú tánkì nìkan ni kí ẹ rà, kò tó owó tábílò. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà ẹnu tánkì. Epo máa ń mú kí silikónì lásán wú, ẹ má fi dípò rẹ̀. Kí ẹ tó dì í, ẹ rí i pé apá flotteur kò há mọ́ ògiri tánkì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ abẹ́rẹ́ yóò dúró sí ìdajì títí.