Ẹ gbà mí o: dátábéèsì padà, sọ́fítíwia mi ò padà

Ará Yábàá: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo ní sọ́fítíwia kan tí àwọn aláṣọ ní Balógun fi ń kọ ọjà tí wọ́n tà àti gbèsè tí oníbàárà jẹ. Bí dátábéèsì tí mo ń yá lò bá ti ṣẹ́jú, bí ìṣẹ́jú méjì péré, tèmi á dákú. Dátábéèsì á jí, tèmi ò ní jí, àfi kí n pa á kí n tún un tàn. Lánàá, gò-síló há mi mọ́ orí bíríìjì Third Mainland, bátìrì fóònù mi ku 4%, ni ìyá kan bá pè: "Ọmọ mi, oníbàárà rèé níwájú mi, ó fẹ́ san gbèsè, mi ò mọ iye tó jẹ." Kí n tó bọ́ sí Adéníjì, oníbàárà ti lọ. Ojú tì mí gan-an ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ni dátábéèsì. Ẹ̀gbọ́n mi tiẹ̀ ní kí n padà sídìí iṣẹ́ báǹkì. Ṣé kí n kó kúrò lọ́dọ̀ wọn ni?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Kó kúrò kíá! Nígbà tí wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já ní oṣù kẹta 2024, ọ́fíìsì ni mo sùn. Ọ̀gá mi ò tilẹ̀ kí mi kú iṣẹ́.

Ìyá Kódù: Kò síbi tẹ́ ẹ máa kó lọ tí dátábéèsì ò ní ṣẹ́jú. Àbúrò, ẹ ròyìn ìyá Balógun, ẹ ò ròyìn lọ́ọ̀gì, ibi tí sọ́fítíwia ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i sí. Kí lẹ fi kọ ọ́?

Ará Yábàá: Ẹ má bínú, mà. Node.js ni mo fi kọ ọ́, Postgres ni dátábéèsì. Nínú lọ́ọ̀gì, àṣìṣe bí ogún á tò tẹ̀lé ara wọn, lẹ́yìn náà gbogbo ẹ̀ á pa rọ́rọ́. Mo mọ iṣẹ́ mi o, ọdún kẹfà rèé.

Aládùúgbò Sùúrùlérè: Bó bá jẹ́ pool, àkójọ ìsopọ̀ tí sọ́fítíwia ń yá lò, inú `pg` tí Node.js fi ń bá Postgres sọ̀rọ̀ ni, 0, ìyẹn àìlópin, ni `connectionTimeoutMillis` rẹ̀, iye àkókò tó fi ń dúró de ìsopọ̀, bí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá ń dúró de ìsopọ̀ á dúró títí ayé. Ẹ fi sí 5000, ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún.

Bàbá Sáfà: Rárá o. Òkú ìsopọ̀ ni. Bí òdìkejì bá kú láìdágbére, 7200 ìṣẹ́jú-àáyá ni Linux máa dúró kó tó yẹ̀ ẹ́ wò. Odidi wákàtí méjì!

Aládùúgbò Sùúrùlérè: Ìyẹn bí wọ́n bá tan keepalive, ìyẹ̀wò bóyá òdìkejì ṣì wà láàyè, sà. `pg` kì í tan án fúnra rẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹ jẹ́ kó máa tún ara rẹ̀ tàn lóròòru, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ará Yábàá: Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti 2022, ní aago méjì òru. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ pool `pg`, mi ò lò ó. Èmi ni mo kọ pool tèmi. Ìsopọ̀ 20 ló ń gbà, ó sì yá ju tiwọn lọ nígbà náà.

Ìyá Kódù: Ha! Ogún àṣìṣe, pool ológún. Ẹ sọ bó ṣe ń ṣí ìsopọ̀ fún wa.

Ará Yábàá: Bí iye ìsopọ̀ tó ń kà ò bá tíì pé 20, á fi 1 kún un, á wá ṣí ìsopọ̀. Bó bá kọ̀, á dá ẹni tó béèrè lóhùn pé ó kọ̀. Bí iye bá pé, ẹni tó kù á dúró.

Ìyá Kódù: Bó bá kọ̀, ta ló ń yọ 1 yẹn kúrò?

Ará Yábàá: …

Ìyá Kódù: Ẹ wo kọ̀ńdọ̀ tó ń ka èrò tí kò ráyè wọlé mọ́ àwọn tó jókòó. Dáńfó ṣófo, ó ń pariwo pé ó ti kún. Bí ìsopọ̀ bá kọ̀ nígbà ogún, pool yín gbà pé òun ti yó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń tún un tàn lóru, ẹ̀ ń nu ẹ̀jẹ̀ láìwo egbò. Ẹ yọ 1 náà kúrò níbi tó ti kọ̀, kẹ́ ẹ sì jí ẹni tó ń dúró. Kó tó tún gbìyànjú, kó sinmi ìṣẹ́jú-àáyá kan, méjì, mẹ́rin, títí dé 30, kẹ́ ẹ sì bù díẹ̀ kún un láìdọ́gba. Ẹ̀dà sọ́fítíwia yìí mélòó lẹ̀ ń tàn pọ̀?

Ará Yábàá: Mẹ́fà, mà.

Aládùúgbò Sùúrùlérè: Ìsopọ̀ 120 nìyẹn! 100 ni Postgres ń gbà bí ẹ ò bá yí i padà, ó sì fi 3 pamọ́ fún ọ̀gá rẹ̀. Bó bá ṣe ń jí ni gbogbo yín ń ya lù ú. Ẹ sọ 20 di 10.

Bàbá Sáfà: Àbúrò, ìsopọ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ máa tún gbìyànjú o. Bẹ́ ẹ bá tún gbèsè kọ láìfún un ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí ẹ ó fi mọ̀ pé ẹ ti kọ ọ́ rí, ìyá yẹn á gba owó lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ oníbàárà.

Ará Yábàá: Ẹ ṣé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti tún pool náà ṣe, mo wá pa Postgres orí laptop mi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta lálẹ́ yìí. Àṣìṣe ń tò, ṣùgbọ́n iye ń padà sí 0. Mo tan án padà, kò pé ìdajì ìṣẹ́jú tí gbogbo ẹ̀ ti ń lọ, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Mi ò tíì yọ àtúntàn aago méjì òru.

Ìyá Kódù: Ẹ yọ ọ́.

Ará Yábàá: Mo ti yọ ọ́, mà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá lọ bẹ ìyá Balógun.