Xevious: ṣé òótọ́ ni pé Bacura máa ń fọ́?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Xevious, géèmù ilé iṣẹ́ Namco, ni mò ń gbá lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Pátákó pẹlẹbẹ tó máa ń yí bírí bírí bọ̀ látòkè, èyí tí wọ́n ń pè ní Bacura, kò jẹ́ n gbádùn ẹ̀. Mo yìnbọn lù ú títí, kò fọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní tí ọta bá ti bà á nígbà 256, á fọ́. Ṣé lóòótọ́ ni? Mo tún rí ẹnì kan lórí YouTube tó ju bọ́ǹbù sórí ilẹ̀ lásán, ni ilé gogoro bá yọ jáde. Báwo ló ṣe mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀?

Èsì

Àbúrò, má fìyà jẹ àtàǹpàkò ẹ. Bacura kì í fọ́. Ọ̀rọ̀ 256 yẹn ti pẹ́ nílẹ̀, láàárín àwọn ọmọ Japan tó ń gbá a nígbà yẹn ló ti tàn kálẹ̀. Yà fún un, kó máa lọ.

Ilẹ̀ ni kó o máa wò. Ojú ọ̀run ni gbogbo èèyàn ń tẹjú mọ́, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ gan-an ni géèmù yìí. Géèmù Galaga tí Namco ṣe ní 1981, òkùnkùn àti ìràwọ̀ nìkan ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Àmọ́ nínú Xevious tí Masanobu Endo ṣe, igbó wà, odò wà, ẹyẹ ńlá tí wọ́n yà sórí ilẹ̀ bíi ti Nazca ní Peru wà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹyẹ yẹn ju gbogbo ọ̀tá tó ń fò lọ.

Ìbọn wà fún tòkè, bọ́ǹbù wà fún tilẹ̀, bọ́tìnnì wọn ò papọ̀. Àmì tó ń lọ níwájú ọkọ̀ Solvalou ẹ, ibẹ̀ ni bọ́ǹbù máa bọ́ sí. Ẹyọ kan ṣoṣo lo lè jù lẹ́ẹ̀kan. Àfi kó balẹ̀ kó o tó ju òmíràn. Tí àmì yẹn bá kọjá lórí Sol, ilé gogoro tó fara pamọ́ tó o rí yẹn, á máa ṣẹ́jú pupa. Jù ú lójú ẹsẹ̀! Bọ́ǹbù kìíní á mú un yọ, 2000 máàkì. Ìkejì á wó o, 2000 mìíràn.

Èsì

Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Mo fẹ́ fi Zolbak kún un, ilé róbótó tó wà nílẹ̀ yẹn. Bó o bá ṣe ń mọ̀ ọ́n gbá tó ni àwọn ọ̀tá òkè ṣe ń le sí i, àmọ́ tó o bá fọ́ Zolbak, wọ́n á rọlẹ̀ díẹ̀. Má fojú fò ó o. Tó o bá sì kú lẹ́yìn tó o ti rìn tó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún agbègbè kan, agbègbè tó tẹ̀ lé e lo máa ti bẹ̀rẹ̀.

Oníbéèrè

Ẹ ṣé gan-an ni! Ó ti ṣẹ́jú pupa fún mi, mo rí Sol. Ọkọ̀ ràgàjì tó ń jẹ́ Andor Genesis wá ńkọ́? Ìbọn ò ràn án rárá.

Èsì

Bọ́ǹbù ni, kì í ṣe ìbọn. Àárín ẹ gan-an ni kó o sọ ọ́ sí. Má dúró tira fáwọn ọta tó ń yìn o.